Aṣọ Pupa Lára Igi Kòkó ní Ifẹ̀wàrà

Ìdó-Ọ̀ṣun ni mo ti gbéra, nílé ẹ̀gbọ́n mi, kété tí a kírun Àsùbáà tán. Mo ti wá sùn síbẹ̀ láti Òṣogbo, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi níṣẹ́, ó sì fẹ́ tún iṣẹ́ náà rán mi kí n tó jáde. Ràṣídì lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ yín lójú, "ó" ni n ó máa lò fún un nínú ìtàn yìí, àti fún màmá tí mo lọ bá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Mo bá a lórí àga ní pálọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti dé fìlà, àfi bíi pé òun gan-an ló ń rìnrìn àjò. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, á wọ́ ọ títí, á sọ ìdajì rẹ̀ nù. Àwa tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ la máa ń bá a parí rẹ̀, bí a bá sì parí rẹ̀ sódì, á fi ojú bú wa.

Iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn lábẹ́ ìjọba ló fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Kòkó ni tiwọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, bí mo bá bi í pé kí ló ṣe lónìí, á ní òun wo igi. Lọ́la ńkọ́? Òun á tún wo igi. Ìyá wa a máa rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ìjọba mà dùn o, wọ́n ń sanwó fún ọmọ òun kó máa wo igi. Ṣùgbọ́n wíwò yẹn níṣẹ́ nínú. Oríṣiríṣi kòkó ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn sí igun oko kan ní Ifẹ̀wàrà, tí olóko náà, bàbá kan tó lawọ́, yọ̀ǹda fún wọn. Wọ́n ń wo èyí tó tètè so, èyí tó so púpọ̀, èyí tí èso rẹ̀ kì í dúdú kó jẹrà lórí igi bí òjò bá pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wò ó, owó gbogbo wa ni wọ́n sì fi wò ó, tèmi aránṣọ tí mo ń sanwó orí náà wà níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí igi bíi mélòó kan tó yege. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ìdí wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ gbin kòkó lè mọ̀ pé ara àwọn wọ̀nyí ni kí òun ti mú hóró.

Ó wá ku kí wọ́n sọ fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá ńlá kan ni yóò wá láti òkè wá kéde rẹ̀, pẹ̀lú kánópì àti gbohùngbohùn, pé kí ẹ̀gbọ́n mi má tíì dá sọ nǹkan kan. Ọ̀gá ò wá. Owó ọdún yẹn ò jáde, ti ọdún kejì náà ò jáde. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ jókòó sílẹ̀ nítorí epo. Wọ́n wá gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọ́fíìsì kan níbi tí kò ti rí igi kankan bí kò ṣe tábìlì, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ kan tu ara rẹ̀ nínú: àgbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, wọ́n á rí igi tó ń so, wọ́n á rí aṣọ, wọ́n á mú níbẹ̀.

Láti ìgbà tí rédíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kòkó ti wọ́n, pé àgbẹ̀ kòkó ń kọ́lé, ara ẹ̀gbọ́n mi ò balẹ̀ mọ́. "Ṣé wọ́n mú?" Ọ̀rọ̀ tó ń bi ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó ń bi mí nìyẹn, pé ṣé àwọn ará Ifẹ̀wàrà mú nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó ní fún ìyàwó olóko náà kò wọlé mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́nà jíjìn. Èmi ni mo lè ti ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ kan láìsí ẹni tí yóò bi mí. Iṣẹ́ tó rán mi kò gùn: kí n lọ sí oko náà, kí n mú èso kòkó kan wá fún un.

"Má mú ti ìyá wá o, Sàkírá," ó ní ní àárọ̀ yẹn, ó sì fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú. "Ti ọmọ. Ti ọmọ ni."

Ti ìyá ni igi tí wọ́n so aṣọ mọ́. Ti ọmọ ni igi tí ẹnikẹ́ni bá ti ara hóró rẹ̀ gbìn. Ó ní bí òun bá lè fi ọwọ́ kan èso igi ọmọ kan ṣoṣo, òun á mọ̀ pé òun kò wo igi lásán láyé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé apẹ̀rẹ̀ ni n ó fi kó o wá. Ẹnu mi ò gbélé.

Ní gáréèjì ní Òṣogbo, ọkọ̀ Iléṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo ná an, awakọ̀ ní bí owó epo bá wálẹ̀ kí n padà wá gba ṣéńjì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú. Mo ní n ò bá Òṣómàáló jà lórí owó ní kùtùkùtù. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó ní bàbá bàbá òun ló lóṣòó tọ bàbá bàbá mi nílé ní Òṣogbo nítorí owó aṣọ, pé ṣé mo ti wá san án ni. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, a sì gbéra.

Ọ̀nà yẹn ò dára, kò sì burú tán. Ibi tó dára, awakọ̀ á sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ibi tó bàjẹ́, ọkọ̀ á máa yí gbiri láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, a ó sì máa fi èjìká gbá ara wa. Bí a ti ń sún mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni òkè ń pọ̀ sí i, tí igbó ń ki. Kòkó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo wò wọ́n dáadáa nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi: igi arúgbó ló pọ̀ jù, tó ga fíofío, tí èso rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó sì so, a rí i láti inú ọkọ̀ pé ó ti dúdú.

Ọ̀rọ̀ kòkó yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Awakọ̀ ní ìjọba ò ṣe nǹkan kan fún àgbẹ̀ rí. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ní àwọn kan tí wọ́n ń sanwó fún láti máa wo ewé, pé owó tí wọ́n dà sódò nìyẹn, ìbá sàn kí wọ́n fi dí kòtò tí òun ń bọ́ sí yìí. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo bi í pé ṣé ó jẹ gàrí lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ta ni kì í jẹ gàrí. Mo ní ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe é ńkọ́, ta ló wá a rí? Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí ẹ̀gẹ́ àtijọ́ tí ewé rẹ̀ máa ń ká kò tí kì í ta dáadáa. Àwọn awoéwé yìí náà ló wá èyí tó lágbára jáde tí wọ́n pín in kiri, tó fi jẹ́ pé lónìí kò sí ẹni tó rántí pé wọ́n wá nǹkan kan. Mo ní gbogbo owó tí wọ́n fi wo ewé ti padà sínú ìkòkò rẹ̀ àti sínú ìkòkò mi láìmọye ìgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń sọ ọ́ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì já gaara pé bí wọ́n bá ṣe ọ̀nà, gbogbo ayé á rí i, bó bá bàjẹ́ wọ́n á pariwo. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n bá fi wá irúgbìn, ọwọ́ ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá ni èrè rẹ̀ ń bọ́ sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gé owó náà kúrò, ẹnikẹ́ni kì í ké.

Awakọ̀ fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tán. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé èmi ìyá Òṣogbo yìí, ṣé wọ́n ń sanwó fún mi ni. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo ní kó dúró, pé n ó mú ẹ̀rí bọ̀ láti Ifẹ̀wàrà. Mo fi ọkàn ṣírò rẹ̀ pé bí mo bá ń padà bọ̀ tí mo sì tún bá a pàdé, n ó ti èso kòkó náà sábẹ́ imú rẹ̀.

A dé Iléṣà nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa. Ní tiwa ní Òṣogbo, ẹ̀kọ àti àkàrà la fi ń ṣínu. Ní Iléṣà, mo gbọ́ ìró odó nínú àgbàlá lówùúrọ̀, mo tẹ̀lé e, mo sì bá obìnrin kan tó ń ta iyán fún àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀sán ni. Ó gbàdúrà lórúkọ Jésù lórí ìkòkò ọbẹ̀, èmi náà ṣe bìsìmílà, mo jẹun. Iyán náà kúná, ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ẹja gbígbẹ, n kò sì purọ́ fún yín, n ò mọ ìdí tí àwa fi ń fi ẹ̀kọ tan ikùn wa jẹ.

Mo wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Ifẹ̀wàrà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ gbé ṣọ́bìrì àti àwo pẹrẹsẹ dání, bàtà wọn kún fún amọ̀. Mo ti rò pé ẹni tó ń lọ sí oko kòkó ni wọ́n, mo wá béèrè. Wọ́n ní góòlù ni àwọn ń wà. A kọjá lórí odò kan, omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ọ̀kan nínú wọn ní nítorí pé wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ lókè odò ni, ó sì sọ ọ́ bí ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni.

Kò ṣòro láti rí ilé tí mò ń wá. Mo kàn ní ilé tí àwọn ará ágíríìkì máa ń gbé ọkọ̀ sí láyé ọjọ́un ni, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún mi. Màmá Dáre ni wọ́n ń pe ìyàwó olóko náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ti dàgbà, ó tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó wọ aṣọ àdúrà funfun, torí pé àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń gbààwẹ̀. Ó fún mi lómi kó tó bi mí ní orúkọ. Ó ń sọ èdè Ìjẹ̀ṣà, "ulé" ló ń pe ilé, "ugi" ló ń pe igi, mo sì ní láti máa tẹ́tí sí i gidigidi. Bí mo ti dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi báyìí, ó dìde dúró. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní òun ti mọ̀ pé ọ̀gá ò ní gbàgbé, pé ọ̀gá kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún un," ó ní. "A ò fọwọ́ kan ẹyọ kan. Láti ọjọ́ tó ti so ó, a ò ká ẹyọ kan."

Mo rò pé èdè wọn ló ṣì mí lọ́nà. Mo bi í pé kí ni wọn ò ká.

"Kòkó rẹ̀. Ti ara ugi tó so aṣọ mọ́."

"Kí ló dé, Màmá, tí ẹ ò fi ká a?"

Ó wò mí bí ẹni pé òyìnbó ló bí mi. "Ààlè ńkọ́?" ó ní. "Ta ni yóò ká ohun tí wọ́n pààlè sí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé ààlè fún yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mú igi ìdáná òun tàbí ẹ̀gúsí òun lóko, á so àkísà pupa mọ́ ọn, ẹni tó bá ń kọjá á sì mọ̀ pé kí òun máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ifẹ̀wàrà. Aṣọ pupa lára igi tó so, ohun kan ṣoṣo ló ń wí.

Ó ní ọjọ́ tí wọ́n wá so aṣọ náà, òun ò sí nílé. Ilé ìwòsàn ní Iléṣà ni òun wà pẹ̀lú ọkọ òun, àìsàn tó pa á nìyẹn. Nígbà tí òun sin òkú tán tí òun padà sóko, òun bá aṣọ lára igi, àwọn lébìrà ní àwọn ìjọba ló so ó. Ó ní òun ò bẹ̀rù oògùn, ọmọ Jésù ni òun. Ṣùgbọ́n igi ìjọba ni, ìjọba ló gbìn ín, ìjọba ló pààlè sí i, ìjọba ni yóò sì tú u. Òun wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Òun lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Àna òun kan fẹ́ ká díẹ̀ lọ gbìn sí oko tirẹ̀, òun àti ẹni yẹn ò sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Bí èso bá pọ́n, á pọ́n títí, á gbẹ síbẹ̀. Ó ń ka gbogbo èyí fún mi pẹ̀lú ìdùnnú, ó ń retí kí n yìn ín.

Èmi ni mo ní láti sọ fún un. Mo wá ọ̀nà tí n ó gbà sọ ọ́ kó rọ̀, n ò rí. Mo ní kì í ṣe ààlè, Màmá. Mo ní kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ni wọ́n ṣe so aṣọ sí i. Mo ní àwọn yẹn ló dára jù, kí ẹ máa mú níbẹ̀ ni.

"Kí a máa mú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kí ẹ máa mú."

Ó tún bi mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Ó ní, "Èmi ni mo ṣọ́ ọ." Èmi náà bá a sunkún.

Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó ní kí a lọ wò ó. Lójú ọ̀nà oko ló ti sọ ìyókù fún mi. Kòkó àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbìn gbó, kò so mọ́, èyí tó bá so á dúdú. Wọ́n ra ọmọ kòkó lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, gbogbo rẹ̀ kú tàbí kó máa yọ ewé lásán. Ọdún tí kòkó wá wọ́n ju bó ṣe wọ́n rí lọ, tí àwọn tó ń ra kòkó wá ń fi mọ́tò gbé e nílé àgbẹ̀, wọn ò ní àpò kan tí wọn ó gbé jáde. Dáre, ọmọ rẹ̀, ní òun ò lè máa wo ilẹ̀ tí kò mú nǹkan wá. Ó ta oko náà, àfi ẹ̀yìn ilé, fún àwọn awagóòlù. Ó fi owó rẹ̀ ra ọ̀kadà, ó wà ní Iléṣà. Màmá ní òun ò bá a jà, pé kí ni òun fẹ́ fi dá a dúró.

Mo rò ó títí lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tí yóò fi dá a dúró wà ní igun oko rẹ̀, ó wọ aṣọ pupa.

Oko náà ti di kòtò. Ilẹ̀ pupa là sílẹ̀ káàkiri, omi dúró sínú rẹ̀, gbòǹgbò kòkó ń yọ jáde lára ògiri kòtò bíi irun imú. Ẹ̀rọ kan ń hó lápá ọ̀hún. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ kí Màmá, ó dá wọn lóhùn tìtìjú-tìtìjú, bí àlejò. Wọ́n ti wà á dé ibi igun ìjọba. Lára àwọn igi tí wọ́n so aṣọ mọ́, àwọn kan ti wó sínú kòtò, aṣọ ṣì wà nídìí wọn. Ẹni tó ra ilẹ̀ kì í ṣe ará ibẹ̀, ààlè kò kàn án.

Èyí tó ṣì dúró, mo fẹ́ kí ẹ bá mi rí i. Igi náà kò ga. Ó so láti ìdí dé apá, èso rẹ̀ gùn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ara rẹ̀ mọ́, kò sí dúdú kan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ti rọ̀ púpọ̀ lọ́dún yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, kòkó àtijọ́ kan dúró tí gbogbo èso rẹ̀ ti jó dúdú bí ẹni fi iná sun ún. Kò pọn dandan kéèyàn kàwé kó tó mọ ìyàtọ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi nínú ọkàn mi pé ẹ ṣeun, ẹ wo igi dáadáa.

Aṣọ náà ti ṣá, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Igi ti dàgbà bò ó, èèpo ti gbé apá kan rẹ̀ mì. Màmá ò fẹ́ ká èso kankan àfi bí mo bá kọ́kọ́ tú u. Mo ní ṣebí mo ti sọ fún yín pé kì í ṣe ààlè. Ó ní òun ti gbọ́, kí n sáà tú u. Mo gbìyànjú, kò ṣeé tú. Sísọ́ọ̀sì mi kì í kúrò nínú báàgì mi, òun ni mo fi gé èyí tó wà lóde. Èyí tó wà nínú igi, mo fi í síbẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá na ọwọ́, ó ká èso àkọ́kọ́, ó sì gbé e mọ́ àyà.

Ti ìyá nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé ti ọmọ ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú wá, pé ó ń retí rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní ibo ni yóò ti wá, nígbà tí òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú. Lẹ́yìn náà ló rántí nǹkan kan. Ó mú mi lọ sẹ́yìn àpáta kan tó wà lẹ́yìn igun náà, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dá oko sí. Igi kòkó kan wà níbẹ̀, òun nìkan, láàárín koríko, ìdí rẹ̀ ò ní aṣọ. Èso rẹ̀ gùn, ó pọ́n, ó mọ́, bíi ti ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Màmá ní orí àpáta yẹn ni ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń gbé kòkó ìjọba lọ jẹ. Òun lé àwọn ọmọdé, òun lé àna òun, ṣùgbọ́n òun ò rí ọ̀kẹ́rẹ́ lé.

Mo ká ọ̀kan níbẹ̀. A jọ ká èyí tó pọ́n lára àwọn ìyá tó ṣẹ́kù, a dì í sínú aṣọ ìborùn rẹ̀, nítorí àwọn awagóòlù ní kí oṣù yìí tó parí àwọn á dé ibẹ̀. Nígbà tí a padà dé ilé, ó ti ń wá àpò ọ̀rá tí yóò bu yẹ̀pẹ̀ sí. Ó bi mí pé yóò ti pẹ́ tó kó tó so. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ní irú èyí kì í pẹ́ púpọ̀, bí ọdún mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa, òun á gbìn ín. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kò tó ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní méjì sí.

N kò gbádùn ọ̀nà àbọ̀. Ọlọ́run sì ṣe é, awakọ̀ àárọ̀ ni mo tún bá ní gáréèjì Iléṣà. Ó rántí mi, ó ní ẹ̀rí dà. Mo fi èso náà hàn án, ó ní ó dára o, irú èyí ò sí lóko bàbá òun, níbo ni wọ́n ti ń rí i. Mo ní wọ́n ti rí i tipẹ́. Mo ní wọ́n náwó rẹpẹtẹ láti rí i, wọn ò wá rí owó epo ọkọ̀ tí wọn ó fi lọ sọ fún yín. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ohun tí òun sọ náà nìyẹn, pé wọ́n da owó sódò. Mo fẹ́ dá a lóhùn pé kì í ṣe bákan náà, pé iṣẹ́ náà yọrí, pé ẹsẹ̀ ìkẹyìn nìkan ni wọn ò gbé. Ṣùgbọ́n ìta ni mo ń wò lójú fèrèsé títí a fi dé Òṣogbo, inú mi ń bàjẹ́ sí àwọn igi arúgbó tí a ń kọjá.

Ó ti ń lọ sí Mágríbì nígbà tí mo dé Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí àga, fìlà ṣì wà lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kò jẹun. Mo gbé èso náà lé e lọ́wọ́ òsì kí n tó kí i. Ó gbé e yẹ̀ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á lára títí.

"Ti ìyá ni?" ó ní. "Àbí ti ọmọ?"

"Ti ọmọ ni, bọ̀dá mi."

Ojú rẹ̀ tàn. Mi ò rí i kó tàn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe àlhàmdùlíláhì. Ó wá bi mí lọ́rọ̀ tí mo ti ń bẹ̀rù láti Iléṣà.

"Ta... ta ló gbìn ín?"

Mo ti múra láti dárúkọ Màmá Dáre. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi tọ́jú irọ́ náà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó wo igi bẹ́ẹ̀ yẹn, tí kò fi irọ́ kan kún ohun tó rí, n ò lè purọ́ fún un lórí igi.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, bọ̀dá mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbìn ín. Wọn ò mú."

Ó ń wò mí. Mo ṣí báàgì, mo mú aṣọ tí mo gé jáde, mo tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Ó wo àkísà pupa náà fún ìgbà pípẹ́, mo sì rí i nígbà tó yé e.

"Ààlè," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà jáde gaara. Ó gbé èso náà sílẹ̀ lórí aṣọ náà, ó wá ọ̀rọ̀ yòókù títí, a ò bá a parí rẹ̀, ó rí i fúnra rẹ̀.

"Gbogbo àwa tí a wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ so aṣọ, ọmọ Yorùbá ni wá."